Ta Ni Yóò Sọ Ìdí Rẹ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìbọn àti Àṣírí Ilé Nínú Àwọn Ilé-Ẹjọ́ Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni a fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí wa tó bí a ti lè rò. Àwọn ọmọ wa púpọ̀ ń gbé ní Houston, ní Chicago, ní New York, àti ní àwọn ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìròyìn bá dé pé a ti yin ìbọn ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ní ọjà níbẹ̀, àyà wa a máa já, a sì ń béèrè lọ́wọ́ ara wa pé: Èéṣe tí ìjọba ilẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ kò fi gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ènìyàn? Àwọn mìíràn nínú wa tún ti gbọ́ pé ìjọba ibẹ̀ lè mọ ibi tí ènìyàn rìn dé nípa fóònù tí ó wà ní àpò rẹ̀, wọ́n sì ń béèrè pé: Èéṣe tí ẹni tí ó ríran tó bẹ́ẹ̀ kò fi rí apànìyàn kí ó tó pànìyàn?

Ìbéèrè méjì ni ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n orísun kan ni wọ́n ti sun. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn a máa ké pé “Àgò o!” a sì dúró títí onílé yóò fi dáhùn pé “Àgò yà!” Kì í ṣe nítorí pé ohun búburú wà nínú ilé ni a ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí onílé ń jẹun ni o, bí ó ń gbàdúrà ni o, bí ó ń bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni o, ilé rẹ̀ ni, àlejò ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ ẹni tí òun í ṣe àti ohun tí òun wá ṣe. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń jà lé lórí nínú ilé-ẹjọ́ láti ọdún púpọ̀ wá ni èyí: nígbà tí ìjọba àti onílé bá pàdé ní ẹnu ọ̀nà, ta ni yóò sọ ìdí rẹ̀, níwájú ta ni yóò sì ti sọ ọ́? Bí a bá di ìbéèrè yìí mú, àwọn ìdájọ́ tí ó dàbí igbó dídí yóò di ọ̀nà tí a lè tọ̀.

I. Ìpìlẹ̀ Ọ̀rọ̀ Náà

Ní 1762, àwọn ìránṣẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì wọ ilé ọkùnrin òǹkọ̀wé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Entick, nítorí a fura sí i pé ó ń kọ ọ̀rọ̀ òdì sí ìjọba. Fún wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi tú àpótí rẹ̀ tí wọ́n sì kó ìwé rẹ̀ lọ. Ìwé àṣẹ tí wọ́n mú lọ́wọ́ ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba wá, kì í ṣe ti adájọ́. Entick pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 1765, adájọ́ àgbà, Lord Camden, dá a láre. Kókó ìdájọ́ rẹ̀ ni pé ìjọba kò ní agbára láti wọ ilé ènìyàn àfi bí òfin bá fún un, àti pé bí a kò bá rí òfin náà nínú ìwé, kò sí i.

Ní òdì-kejì òkun, ní Boston, irú ọ̀ràn kan náà ń gbóná. Àwọn òṣìṣẹ́ owó-bodè ní ìwé àṣẹ tí ó jẹ́ kí wọ́n wọ ilé ẹnikẹ́ni láti wá ọjà tí a kò san owó orí rẹ̀. Ní 1761, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ James Otis sọ̀rọ̀ líle sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn adájọ́. Ó pàdánù ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí Amẹ́ríkà di òmìnira, a fi àtúnṣe mẹ́wàá kún ìwé òfin ìpìlẹ̀ wọn ní 1791. Àtúnṣe Kejì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn láti ní ohun ìjà lọ́wọ́ àti láti gbé e. Àtúnṣe Kẹrin sọ pé a kò gbọdọ̀ tú ara ènìyàn, ilé rẹ̀, ìwé rẹ̀, tàbí ẹrù rẹ̀ wò láìnídìí, àti pé ìwé àṣẹ gbọdọ̀ dúró lórí ìdí tí a búra sí, kí ó sì dárúkọ ibi tí a ó wá àti ohun tí a ó mú. Ìran kan náà ni ó kọ méjèèjì, nítorí ìbẹ̀rù kan náà: ìbẹ̀rù aláṣẹ tí kì í sọ ìdí.

II. Ẹjọ́ Ìbọn

Fún ọdún púpọ̀ ni àwọn amòfin fi ń jiyàn pé bóyá Àtúnṣe Kejì wà fún ẹgbẹ́ ológun ìlú nìkan, tàbí fún olúkúlùkù ènìyàn. Ní 1976, ìlú Washington, tí í ṣe olú-ìlú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà ní ìbọn ìléwọ́ nínú ilé. Ìbọn gígùn pàápàá gbọdọ̀ wà ní títú palẹ̀ tàbí ní títì pa. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Heller ń ṣe iṣẹ́ ọdẹ ní ilé ìjọba kan. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí ó mú ìbọn ìléwọ́ dúró sí ilé tirẹ̀. Ó lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní oṣù Òkúdù 2008, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a láre. Adájọ́ márùn-ún gbà, mẹ́rin kọ̀. Adájọ́ Scalia, tí ó kọ ìdájọ́ náà, sọ pé ẹ̀tọ́ náà jẹ́ ti olúkúlùkù ènìyàn, pàápàá nínú ilé rẹ̀. Síbẹ̀ ó fi kún un pé ẹ̀tọ́ náà ní ààlà: òfin tí ó gba ìbọn lọ́wọ́ ọ̀daràn, tàbí tí ó lé ìbọn kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọba, kò tipa bẹ́ẹ̀ wó lulẹ̀.

Ní 2010, bàbá àgbàlagbà kan ní Chicago, Otis McDonald, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí àwọn olè ti fọ́ ilé rẹ̀, jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé ẹ̀tọ́ yìí de gbogbo ìpínlẹ̀ àti ìlú, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ nìkan. Márùn-ún sí mẹ́rin náà ni àwọn adájọ́ pín sí.

Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ New York dé, nínú èyí tí ìbéèrè wa yọ gedegbe. Láti 1913 ni òfin ìpínlẹ̀ náà ti sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ìbọn jáde gbọdọ̀ fi ìdí pàtàkì hàn aláṣẹ, ìdí tí ó ju ti àwọn ènìyàn yòókù lọ. Aláṣẹ ni yóò sì wò ó bóyá ìdí náà tó. Ní oṣù Òkúdù 2022, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Adájọ́ Thomas kọ ọ́ pé kò sí ẹ̀tọ́ mìíràn nínú òfin ìpìlẹ̀ tí ènìyàn ní láti kọ́kọ́ bẹ aláṣẹ kí ó tó lò ó. Ìjọba tí ó fẹ́ dí ọ̀nà ni kí ó fi hàn pé irú òfin bẹ́ẹ̀ bá ìtàn ilẹ̀ náà mu. Àwọn mẹ́ta tí kò gbà, tí Adájọ́ Breyer jẹ́ agbẹnusọ wọn, ní kí a má ṣe gbàgbé iye òkú tí ìbọn ń pa, àti pé adájọ́ kì í ṣe òpìtàn.

Kò pẹ́ tí a fi rí ààlà ìdájọ́ yìí. Ilé-ẹjọ́ kan ní Texas ti pàṣẹ fún ọkùnrin kan pé kí ó jìnnà sí obìnrin tí ó bí ọmọ fún un, nítorí ó ti lù ú, ó sì ti halẹ̀ mọ́ ọn. Òfin àpapọ̀ ti 1994 sọ pé ẹni tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wà lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ìbọn. Ọkùnrin náà ní òfin yìí tẹ ẹ̀tọ́ òun mọ́lẹ̀. Ní oṣù Òkúdù 2024, adájọ́ mẹ́jọ sí ẹyọ kan dá a lẹ́bi. Bí adájọ́ bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀, tí ó sì rí i pé ènìyàn jẹ́ ewu fún ẹlòmíràn, a lè gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

III. Ẹjọ́ Àṣírí

Ní ọ̀nà kejì, ilé-ẹjọ́ náà rìn lọ́ra. Ní 1928, wọ́n dájọ́ lórí ẹjọ́ Roy Olmstead, tí ó ti ta ọtí tí òfin kà léèwọ̀ ní Seattle, ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti tẹ́tí sí tẹlifóònù rẹ̀ láti orí wáyà tí ó wà ní òde ilé. Adájọ́ márùn-ún ní kò burú, nítorí ẹnikẹ́ni kò wọ ilé rẹ̀. Adájọ́ Brandeis, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí kò gbà, kìlọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ìjọba yóò mọ ohun tí ó wà nínú àpótí ènìyàn láìṣí àpótí náà.

Ó di 1967 kí wọ́n tó yí èrò wọn padà. Ọkùnrin kan, Katz, wọ inú àpótí tẹlifóònù ti gbogbo ènìyàn ní Los Angeles, ó pa ìlẹ̀kùn dé, ó sì ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti fi ẹ̀rọ agbọ́hùn sí ara àpótí náà. Ilé-ẹjọ́ ní ènìyàn ni òfin ń dáàbò bò, kì í ṣe ògiri, nítorí náà ó yẹ kí ìjọba ti gba àṣẹ adájọ́. Ní 2012, wọ́n sọ irú rẹ̀ nípa ẹ̀rọ atọ́pasẹ̀ tí àwọn olópàá lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ọkùnrin kan fún ọjọ́ 28. Ní 2014, gbogbo wọn pátápátá ní ọlọ́pàá tí ó mú ènìyàn kò gbọdọ̀ tú inú fóònù rẹ̀ wò láìgba ìwé àṣẹ.

Èyí tí ó tóbi jù ni ti 2018. Nígbà tí fóònù bá wà lára wa, ó ń bá òpó ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí ó wà nítòsí sọ̀rọ̀, ilé-iṣẹ́ náà a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn olópàá tí ń wá àwọn olè ní agbègbè Detroit gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ọkùnrin kan, Carpenter: ọjọ́ 127, àti ibi 12,898 tí fóònù rẹ̀ ti fi ara hàn. Ìjọba ní ilé-iṣẹ́ ni ó ni ìwé náà, kì í ṣe òun. Adájọ́ àgbà Roberts àti àwọn mẹ́rin mìíràn kọ èyí. Wọ́n ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi gbogbo ìgbésí-ayé ènìyàn hàn, ilé-ìsìn tí ó lọ, dókítà tí ó rí, ọ̀rẹ́ tí ó bẹ̀ wò. Nítorí náà kí àwọn olópàá kọ́kọ́ sọ ìdí wọn fún adájọ́.

Ẹ kíyèsí i pé a kò sọ fún ìjọba pé kí ó di ojú rẹ̀. A sọ fún un pé kí ó ké àgò.

IV. Ẹni Tí Ó Rí Méjèèjì

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀daràn nìkan ni èyí, kí ó ka ìtàn oníwàásù kan, Dókítà Martin Luther King. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1956, a ju bọ́m̀bù sí ilé rẹ̀ ní Montgomery, aya rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ jòjòló sì wà nínú ilé. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ìwé àṣẹ láti gbé ìbọn. Àwọn aláṣẹ kọ̀ fún un. Bí òfin bá fi ohun gbogbo sí ọwọ́ aláṣẹ, ẹni tí aláṣẹ kò fẹ́ràn ni yóò jìyà rẹ̀. Kò pẹ́ tí King fúnra rẹ̀ mú ìbọn kúrò ní ilé rẹ̀, nítorí ó ti yan ọ̀nà àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ni ó darí rẹ̀ síbẹ̀.

Ní 1963, a fi àṣẹ sí i pé kí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI máa tẹ́tí sí tẹlifóònù rẹ̀. Agbẹjọ́rò àgbà ìjọba ni ó fọwọ́ sí i, kì í ṣe adájọ́ kankan. Wọ́n tún fi ẹ̀rọ agbọ́hùn pamọ́ sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí ó wọ̀ sí, àti ní 1964 a fi ohùn tí a gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú lẹ́tà tí kò ní orúkọ, láti bà á lọ́kàn jẹ́. Àwọn aṣòfin tú gbogbo rẹ̀ fó ní 1975 àti 1976.

Ní Alabama kan náà, ìjọba ìpínlẹ̀ ti béèrè pé kí ẹgbẹ́ NAACP, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, mú orúkọ àti àdírẹ́sì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wọn wá. Wọ́n kọ̀, a bu owó ìtanràn 100,000 dọ́là lé wọn. Gbogbo ènìyàn mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bọ́ sí òde: iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì lè dáná sun ilé rẹ̀. Ní 1958, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, láìsí ẹni tí ó yapa, gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ Alabama. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn ọmọ ìjọ, ẹ mọ̀ pé ìwé kan náà tí a fi ń pe ènìyàn sí oúnjẹ Olúwa ni ọ̀tá lè fi wá ilé rẹ̀ kàn.

V. Ilé Kan Ní Cranston

Nísisìyí a dé ẹjọ́ tí ó pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ní 2015, ní ìlú Cranston ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, tọkọtaya kan tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé pọ̀ jà. Ọkọ gbé ìbọn lé orí tábìlì, ó sì ní kí aya òun yìn ín pa òun kí wàhálà tán. Aya jáde, ó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì. Ní ọjọ́ kejì ó pè é, kò rí ìdáhùn, ẹ̀rù bà á, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn olópàá. Wọ́n bá ọkọ ní ẹnu ọ̀nà láàyè. Ó gbà láti lọ sí ilé-ìwòsàn bí wọn kò bá ní gba ìbọn rẹ̀. Nígbà tí ó lọ tán, wọ́n wọ ilé, wọ́n kó ìbọn méjì jáde, wọn kò sì gba ìwé àṣẹ kankan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìhà méjèèjì, nítorí agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá àgbà òṣìkà ni. Ìbẹ̀rù aya náà kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Ní 2022, ó lé ní 48,000 ènìyàn tí ìbọn pa ní Amẹ́ríkà, ju ìdajì wọn lọ ni ó sì jẹ́ àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn. Ẹni tí ó mú ìbọn kúrò níwájú ẹni tí ó sọ̀rètínù lè ti gba ọkàn kan là. Àwọn olópàá náà kò sì wá láti jalè.

Síbẹ̀, ní oṣù Èbìbí 2021, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, àwọn tí ó fẹ́ràn ìbọn àti àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀, fi ohùn kan sọ pé ohun tí a ṣe kò tọ́. Àwọn olópàá ti gbẹ́kẹ̀ lé ìdájọ́ kan ti 1973, tí ó gbà wọ́n láàyè láti tú ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ sí ojú ọ̀nà wò nítorí ìtọ́jú ìlú. Àwọn adájọ́ ní ilé kì í ṣe ọkọ̀. Roberts fi kún un pé kò sí ẹni tí ó ní kí olópàá dúró sí òde bí ẹnìkan bá ń kú lọ nínú ilé. Wọ́n ti fi èyí múlẹ̀ láti 2006. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà ti wà ní ilé-ìwòsàn, tí ilé sì dákẹ́, ààyè wà láti tọ adájọ́ lọ.

Rhode Island ti la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kí ìdájọ́ náà tó jáde. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2018 jẹ́ kí àwọn olópàá lè tọ adájọ́ lọ, kí wọ́n sọ ewu tí wọ́n rí, kí adájọ́ sì pàṣẹ pé kí a gba ìbọn fún ìgbà kan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn náà yóò sì ní ọjọ́ tí yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí lè là, ẹnu ọ̀nà kò sì bàjẹ́. A kò ní láti yan ọ̀kan kí a sì sọ èkejì nù.

VI. Ìwé Orúkọ

Ohun kan ṣì kù tí àwọn ilé-ẹjọ́ kò tíì yanjú tán. Àwọn onígbèjà ìbọn ń bẹ̀rù ìwé kan tí yóò ní orúkọ gbogbo ẹni tí ó ní ìbọn. Nítorí náà òfin ti 1986 kà á léèwọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ láti ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní Martinsburg, ní West Virginia, níbi tí a ti ń tọpasẹ̀ ìbọn tí a fi ṣe ọ̀ràn, a kò gbà kí àwọn òṣìṣẹ́ fi orúkọ ènìyàn wá àkọsílẹ̀ àwọn ìsọ̀ tí ó ti kógbá wọlé lórí kọ̀ǹpútà. Ojú ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ojú-ìwé kan lẹ́yìn òmíràn. Ọlọ́pàá tí ń wá apànìyàn a máa kérora nítorí ìdádúró yìí, ìkérora rẹ̀ kì í sì í ṣe asán.

Ṣùgbọ́n bí ìjọba kò bá kọ orúkọ, oníṣòwò ń kọ ọ́. Ní 2022, a fọwọ́ sí nọ́ńbà kan fún àwọn ìsọ̀ ìbọn, tí yóò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ káàdì ìsanwó mọ̀ pé ibẹ̀ ni owó náà lọ. Àwọn kan ní èyí yóò jẹ́ kí a tètè rí ẹni tí ń kó ìbọn jọ fún ibi. Àwọn mìíràn ní ìwé orúkọ náà ni ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ní 2023, California ṣòfin pé kí a lò ó, Florida ṣòfin pé kí a má ṣe lò ó. Ẹni tí ó kórìíra ìbọn lè rẹ́rìn-ín sí ẹjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n káàdì tí ó ń sọ ìsọ̀ ìbọn ni ó ń sọ ilé-ìwòsàn, ìsọ̀ ìwé, àti àpótí ọrẹ ìjọ.

VII. Kí Ni Èyí Kàn Wá?

Òfin wa yàtọ̀ sí tiwọn. Òfin ìbọn tí a ṣe ní 1959 kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ ìjọba, a kò sì sọ pé ó yẹ kí a gba tiwọn. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ìpìlẹ̀ wa ti 1999, ní ẹsẹ̀ 37, dáàbò bo àṣírí ènìyàn, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù rẹ̀. Láti 2011 ni a ti ń kọ orúkọ àti ìka-ọwọ́ wa sílẹ̀ fún nọ́ńbà fóònù. Ní 2020, ìjọba pàṣẹ kí a so ó pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní 2023, a ṣòfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn. Ajínigbé wà ní ojú ọ̀nà wa, a sì fẹ́ kí ìjọba rí i mú. Ìdí gidi ni èyí. Nítorí pé ìdí náà jẹ́ gidi ni kò fi yẹ kó ṣòro láti sọ ọ́ níwájú adájọ́.

Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ òfin tuntun, ìbáà ṣe nípa ohun ìjà, ìbáà ṣe nípa fóònù, ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ti ń béèrè ohun mẹ́ta. Èkínní: ta ni òfin yìí ní kí ó sọ ìdí rẹ̀, ìjọba ni tàbí onílé? Èkejì: ta ni yóò gbọ́ ìdí náà, ṣé ẹni tí kò sí nínú ìjà ni? Ẹ̀kẹta: ẹni tí a ṣì mú, níbo ni yóò ti sọ tirẹ̀, ọjọ́ mélòó ni yóò sì dúró? Ẹ bi àwọn aṣòfin yín léèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wá béèrè ìbò. Ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ yín tí ń lọ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú, kí wọ́n lè mọ̀ pé bí olópàá bá kàn ìlẹ̀kùn wọn, wọ́n lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ àti ọ̀wọ̀ béèrè bóyá ìwé adájọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.